Ikọ́ Inú Orin Ìsìnkú

Bàbá mi, Bakhum, fọ́jú láti kékeré, ṣùgbọ́n kò sí orin ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí lórí rẹ̀. Èmi Marsina, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni mo máa ń fà á lọ́wọ́ lọ. Lóde, Lárúbáwá la ń sọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, èdè àwọn ará ìgbà Fáráò la fi ń kọrin. Yàtọ̀ sí orin, ohun tó ṣẹ́ kù nínú èdè náà ò ju orúkọ oṣù tí àwọn àgbẹ̀ wa fi ń mọ ìgbà ìkórè lọ.

Nínú orin ìsìnkú Ọjọ́ Ẹtì Rere, ibì kan wà tí bàbá mi ti máa ń dúró, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, "Ìhùn! Ìhùn!", kó tó máa bá orin lọ. Gbogbo ẹni tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé Ọlọ́run ló fi ikọ́ sí i.

Ó ṣe, wọ́n gbé àlùfáà tuntun wá láti Káírò, Abuna Serabamon; Abuna la máa ń pe àlùfáà wa. Ó jókòó nílé wa, ó yọ fóònù.

"Bàbá, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Káírò. Ṣé ẹ gbọ́ ikọ́ níbẹ̀? Lọ́dún yìí, díákónì mi ni yóò kọ ọ́. Ẹ lọ sinmi."

"Abuna, ikọ́ yẹn kì í ṣe tèmi. Olùkọ́ mi, Mikarios, ló ní in. Àyà ń dùn ún nígbà tó ń kọ́ mi."

"Ẹ ò rí nǹkan! Àìsàn lásán ni!"

"Mo mọ̀. Ẹnu la fi gbé orin yìí dé ibí. Bí mo bá yọ ikọ́ lónìí, kí lẹ máa ní kí n yọ lọ́la?"

Abuna rẹ́rìn-ín. Inú bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí n da tíì gbígbóná sí i lẹ́sẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni bàbá mi ti ń kọ orin yẹn! Kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì Rere pé. Díákónì dìde, gbogbo wa ń gbè é. Ohùn rẹ̀ dùn, ká má parọ́. Bàbá mi dorí kodò lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí orin dé ibi ikọ́, díákónì ò dúró. Àfi gbàà tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dúró, tọkùnrin tobìnrin wúkọ́: "Ìhùn! Ìhùn!" Ohùn díákónì nìkan ló ń lọ, bí ewúrẹ́ tó já lókùn. Òun náà dákẹ́, kò mọ ibi tí yóò ti mú un mọ́. Ni bàbá mi bá gbé orin náà níbi tó yẹ. Nígbà tó parí, Abuna fẹnu ko ọwọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wa.

Bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá, nígbà ìkórè àlìkámà. Ó ṣì ń dùn mí. Wọn kì í kọ́ obìnrin lórin yẹn, àmọ́ ta ló di mí létí? Ní báyìí, àwọn ọmọ Abuna gan-an ló ń wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi, bí mo ti ń sá ìyẹ̀fun búrẹ́dì tí mo ti pò sóòrùn kó lè wú. Lánàá, a dé ibẹ̀, mo dúró, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àbíkẹ́yìn wọn wò mí lójú.

"Màmá, ṣé ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le, ọmọ mi. Ikọ́ yìí kì í ṣe tèmi. Bàbá mi ló ní in."