Igi Àgbáyun Tí Mo Gé ní Ajah

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé mi ní Ìkàtẹ́ fún mi ní sitirọ́bẹ́rì mẹ́ta látinú ike tó gbìn ín sí. Ó ní háíbíríìdì ni, irú tí wọ́n fi ẹ̀yà méjì bí, kó lè fara da oòrùn wa. Mo ju ọ̀kan sẹ́nu. Ó kan, ojú mi sunkì, ọmọ náà sì bú sẹ́rìn-ín. Kò mọ̀ pé mi ò sí lọ́dọ̀ òun mọ́. Mo ti padà sí Ajah, mo ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nínú ọgbà Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ajah sí ilé alájà mẹ́ta àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, iyanrìn funfun ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà, àgbọn lókè, ọ̀sà lẹ́yìn ilé, ọkọ̀ ojú omi la sì ń wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Láàárọ̀, ìkùukùu á ti orí omi wá bo ọgbà, tí mi ò ní rí ju ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lọ, bí wọ́n ṣe ń rọra bomi sí ìdí àwọn igi wọn. Àgbáyun kan ṣoṣo ni wọ́n ní, tí wọ́n gbé wá láti oko Ìjẹ̀bú. Kò ga ju ìbàdí mi lọ. Tí ẹ bá ti lá ọmọ rẹ̀ pupa kéékèèké yẹn, gbogbo ohun kíkan á dùn bí oyin lẹ́nu yín. Ikọ́ ń yọ Ìyá Àgbà lẹ́nu, omi ọsàn wẹ́wẹ́ sì ni oògùn wọn. Ẹnu wọn kì í gbà á àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ lá àgbáyun.

Ràfá ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi nítòsí wa. A jọ ń lọ sílé ìwé, ibẹ̀ ni tíṣà sì ti kọ́ wa pé èèyàn lè gé igi kan, kó so ó mọ́ òmíràn, kí méjèèjì di ọ̀kan. Ọgbọ́n àgbọ́njù bá wọ̀ mí lórí. Bí mo bá so àgbáyun mọ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́ inú ọgbà wa, ṣebí ọsàn aládùn la máa ká, Ìyá Àgbà á sì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà! Ràfá ní kí n fi sílẹ̀. Èmi kọ̀. Mo mú abẹ bàbá mi, mo gé àgbáyun náà nídìí, mo fi òwú tí wọ́n fi ń kó irun dì í mọ́ ara igi ọsàn, mo sì ta á ní kókó. Inú mi dùn débi pé mo jó.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àgbáyun náà ti rọ, kùkùté tó kù nínú iyanrìn sì ti gbẹ. Ìyá Àgbà dúró tì í, wọ́n ń wúkọ́. "Ta ló ṣe èyí?" Ràfá wò mí, ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ìyá Àgbà ò nà án. Èmi ni wọ́n wò, wọ́n wọlé. Ìtìjú ò jẹ́ kí Ràfá wọ ọgbà wa mọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń wo Ìyá Àgbà tí wọ́n ń fipá gbé omi ọsàn mì, lójoojúmọ́ ni mo sì ń sọ pé tó bá di ọ̀la, màá jẹ́wọ́. Kí ọ̀la mi tó dé, iṣẹ́ bàbá Ràfá parí, wọ́n kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n gba Ẹ̀pẹ́ lọ. Ìgbà tí mo sáré dé etí omi, ìkùukùu ti gbé wọn mì.

Mo sunkún wálé, mo jẹ́wọ́. Ìyá Àgbà fi etí aṣọ wọn nu ojú mi. "Mo ti mọ̀, ọkọ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ta kókó òwú yẹn. Mo rò pé wàá sọ ọ́ lójú ọ̀rẹ́ rẹ ni."

Wọ́n gbin àgbáyun mìíràn. Ó pẹ́ gan-an kó tó so, àmọ́ wọ́n lá nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dágbére fáyé. Ilé epo ló wà lórí ọgbà náà báyìí, kọnkéré ti bo iyanrìn, ìkùukùu pàápàá ò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́. Mi ò bá ayé jà lórí ìyẹn. Igi tó kú ṣeé fi òmíràn rọ́pò. Mo ti jẹ́wọ́ fún Ìyá Àgbà, mo ti jẹ́wọ́ fún àwọn ọmọ mi, ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ ọ lónìí. Ràfá nìkan ni mi ò tíì bẹ̀.