Irin Ẹ̀gbẹ́ Aaron

Bí ẹ bá rí Bàbá Gbádégẹṣin ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn ní Adelphi lókè òkun, ẹ ó ní àgbà tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ nìyẹn. Ọkàn wo ló balẹ̀? Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí ojú ti ń ti bàbá yìí, kò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún.

Wẹ́dà ni nígbà tí ogun abẹ́lé ká a mọ́ Énúgù. Àwọn sójà ibẹ̀ ò ní táǹkì, kò sí ilé iṣẹ́ tó lè ṣe é, ni wọ́n bá ní káwọn wẹ́dà fi irin pẹlẹbẹ bo katakata oko, kó di táǹkì. Aaron, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, ni yóò wà á.

Àṣà ṣọ́ọ̀bù wọn ni pé ẹni tó bá jó irin mọ́ ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀, káwọn yòókù fi òòlù lu irin náà gbàgà-gbàgà, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ó mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀gá sójà sì ń pariwo. Gbádégẹṣin jó irin ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà níbi mẹ́rin péré, ó fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ dí ìyókù, ó kun ọ̀dà lé e.

"Ṣé o ti jókòó síbẹ̀?" Aaron bi í.

"Mo ti jókòó. Wọ́n lù ú títí, kò mì."

Háà, Gbádégẹṣin! Ẹnu ẹ gbà á! Lọ́jọ́ kẹta, lójú ogun, irin yẹn ló kọ́kọ́ já. Aaron ò padà wálé.

Nígbà tí Gbádégẹṣin bí ọmọkùnrin, Aaron ló sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ rò pé inú Bíbélì ló ti mú un, ọkọ rẹ̀ ò sì sọ òótọ́ fún un.

Ní Ọjọ́ Àwọn Bàbá ọdún yìí, Ọmọ́jọlá ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì, ti ròyìn fún gbogbo ìjọ pé bàbá òun kọ́ táǹkì rí. Wọ́n ṣe àwo ẹ̀yẹ fún un. Aaron ọmọ rẹ̀ ló gbé e wá, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́, bàbá ò mọ ibi tí yóò fojú sí.

"Bàbá, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ díẹ̀," ni àlùfáà ìjọ wí.

Ó di máìkì mú. "Aaron, ọ̀rẹ́ mi kan ni mo fi orúkọ ẹ̀ sọ ẹ́. Irọ́ mi ló pa á. Ó bi mí bóyá mo ti jókòó sínú táǹkì rẹ̀ wò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò jókòó síbẹ̀ rí."

Aaron gbé àwo náà sórí àga.

"Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ bá ń pè mí, ṣé òun lẹ máa ń rí?"

Bàbá fọwọ́ bojú. "Lójoojúmọ́," ló wí.