Yàrá Méjì fún Àwọn Ọmọ Fàòsíyà

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Fàòsíyà ti kú sí Abidjan, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Àkànbí, aránṣọ l'Éjìgbò, kò tíì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ rí. "Kò tíì dé" ló máa ń sọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọmọ méjì tí Fàòsíyà fi sílẹ̀ ń gbé.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá Àkànbí dúbúlẹ̀, ó pe ààfáà àti Sàká, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ààfáà ṣàlàyé pé ọmọ tí ọmọbìnrin bí kì í bá wọn pín ogún, àfi tí bàbá ìyá rẹ̀ bá kọ nǹkan sílẹ̀ fún un.

"Bàbá, ẹ ò nílò ìwé. Mi ò ní lé wọn," ni Sàká wí.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Àwọn ọmọ rẹ ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Yàrá méjì iwájú, tiwọn ni."

Ààfáà mú bírò. "Ìyá wọn ńkọ́? Báwo ni kí n ṣe kọ ọ́?"

Sàká fẹ́ dáhùn, bàbá ní kó dákẹ́.

"Ẹ kọ ọ́ pé ó ti kú," ló wí, ló bá bú sẹ́kún. Sàká ló bá a di ọwọ́ mú kó tó lè tẹ̀ka sí ìwé náà.