Òpó Wáyà Méjìlélógójì

Rélùwéè kò dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, bí àwa mẹ́ta ti ṣe ní àárọ̀ Sátidé kan ní ìparí òjò, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òṣogbo ni à ń lọ, kí a sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kí a padà wálé ní ọjọ́ Ajé. Ìyàwó mi ti kú láti ọdún méjì ṣáájú, n kò sì tíì sun ìta láti ìgbà náà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó tó gẹ́ẹ́.

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ dàgbà, ni wá, nítorí náà kò sí ẹni tí ń fi àgbà han ẹnì kejì. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀ ní àdúgbò mi. Èkejì ti ṣiṣẹ́ ojú irin fún ọgbọ̀n ọdún kí ó tó fẹ̀yìn tì wálé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fẹsẹ̀ rin ojú irin láàárín Ìbàdàn àti Òṣogbo, kí ó máa tún ibi tí ó bá bàjẹ́ ṣe. Kò kàwé. Etí rẹ̀ sì ti di díẹ̀. Ó ní ariwo irin ló bá òun ṣe é.

Òṣogbo dára. Mo rí àgbàlá àwọn aláró, níbi tí wọ́n sá aṣọ tútù sí láti ògiri dé ògiri. Mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí n kò ti mọ ẹnikẹ́ni, ara sì tù mí. Ṣùgbọ́n rélùwéè kọ́ ló gbé wa débẹ̀.

Láti ìgbà tí a ti wọ rélùwéè ní Ìbàdàn ni télọ̀ ti ń sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ̀ náà ń rìn bí ìyàwó tí wọ́n ń sìn lọ sílé ọkọ. Bí a ti kọjá afárá kan, ọkọ̀ náà mì díẹ̀. Èmi kò kà á sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ wa kọjú sí fèrèsé lójijì, ètè rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì jẹ́jẹ́.

“Bàbá Rélùwéè, àdúrà kí lò ń gbà?” télọ̀ bi í. “Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?”

Ọ̀rẹ́ wa kò yí ojú kúrò ní fèrèsé.

“Ẹ wò ó! Adití ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Tí Ọlọ́run bá wá dáhùn ńkọ́?”

Ọ̀rẹ́ wa gbé ọwọ́ sókè pé kí ó dákẹ́. Òpó wáyà tí ó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń kà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní tẹ́ṣàn kékeré kan, ó ní, “Méjìlélógójì,” ó sì gbé àpò rẹ̀. “Mo sọ̀ o.”

“Sọ̀ síbo? Òṣogbo kọ́ nìyí!”

“Abẹ́ irin ti ṣófo lẹ́yìn wa níbi tí ọkọ̀ ti mì yẹn, lápá ọ̀tún. Òpó méjìlélógójì sí ibí ni. Tiwa ti kọjá. Èyí tó ń bọ̀ láti Òṣogbo lọ́sàn-án yìí ni mi ò mọ̀.”

“Ìyàwó àbúrò mi ti ń gúnyán dè wá ní Òṣogbo!” télọ̀ kígbe.

“Bá mi jẹ tèmi.”

Ó ti bọ́ sílẹ̀. Mo tẹ̀ lé e. Télọ̀ bú àwa méjèèjì, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó lọ.

Ọ̀gá tẹ́ṣàn náà kò lè ju ẹni ogójì ọdún lọ. Ó kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa kò wọ̀ ọ́ létí.

“Bàbá, ẹni tó wa ọkọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan fún mi. Kí lẹ gbọ́?”

“Ẹ̀n?”

“Mo ní, kí lẹ gbọ́?”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ mi ló mọ̀ ọ́n.”

Télọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀rín má baà pa á. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá débẹ̀ tí wọn kò rí nǹkan kan, ọgbọ̀n ọdún ọkùnrin yẹn yóò di ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ní gbogbo tẹ́ṣàn ọ̀nà náà. Bí wọn kò bá sì lọ rárá, ọkọ̀ tí ó kún fún ènìyàn ni yóò gun orí ibẹ̀.

Ọ̀gá tẹ́ṣàn yíjú sí mi. “Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí lẹ rí sí i?”

N kò rí nǹkan kan sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí kí n tó wọ iléèwé, láti ìgbà náà, ohun tí a bá kọ sílẹ̀ ni mo máa ń gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ní, “Bí ó bá ní méjìlélógójì, ẹ lọ kà á.”

Ó pe àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin mẹ́rin tí wọ́n ń ro koríko nítòsí, ó ní kí wọ́n bá wa lọ kíákíá.

Oòrùn mú. Ọ̀rẹ́ wa ló ṣíwájú. Kò wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sórí àwọn irin ìdábùú tí ó gbé ojú irin ró, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni tí ń gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, èmi àti télọ̀ sì ń kọsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń ka òpó sókè. Nígbà tí a dé ìkejìlélógójì, irin gún régé, òkúta sì wà lábẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ. Olórí wọn wò mí. Télọ̀ tẹjú mọ́ ilẹ̀.

Ọ̀rẹ́ wa fàyà lélẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé irin, ó di ojú kan, ó sì fi ìkejì wo gígùn rẹ̀ lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó dìde, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà síwájú, ó ní, “Ẹ wú òkúta ibí yìí.”

Wọn kò wú u jìnnà. Òkúta òkè nìkan ló wà níbẹ̀. Omi òjò ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ti kó erùpẹ̀ lọ. Irin ìdábùú mẹ́ta ló wà lórí òfo, lápá tí ó wí gan-an. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ìgbọ̀nwọ́.

“Àná la rin ibí yìí kọjá!” olórí wọn kígbe.

“Òjò òru àná ni,” ọ̀rẹ́ wa dá a lóhùn. Kò bá a wí. Ó ti ń ká ṣòkòtò rẹ̀.

Ó bá wọn ki òkúta sí abẹ́ irin náà. Bí wọ́n bá ti ki díẹ̀, yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, yóò ní kí ẹnì kan fi òòlù lù ú. Ìgbà mẹ́ta ló ní kò tíì tó. Ní ìgbà kẹrin, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Láti kékeré ni a ti ń ṣọ̀rẹ́, n kò rí i lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ rí.

Nígbà tí a padà dé tẹ́ṣàn, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Òṣogbo ti dúró síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ń yọrí lójú fèrèsé, wọ́n ń béèrè ohun tó dá wọn dúró. Olórí òṣìṣẹ́ jábọ̀ fún ọ̀gá tẹ́ṣàn. Ọ̀gá tẹ́ṣàn gbọ́ ọ tán, ó wá bá ọ̀rẹ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí, ó gbé ohùn sókè.

“Bàbá, ṣé kó máa lọ?”

Ọ̀rẹ́ wa wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn.

“Kó rọra,” ó ní. “Tó bá ti kọjá ibẹ̀, kó máa bá eré rẹ̀ lọ.”

Ọkọ̀ náà lọ. Ọ̀rẹ́ wa jókòó sí etí pèpéle, ó na ẹsẹ̀ lásán lé ojú irin. Èmi àti télọ̀ kò gbọ́ ìró ọkọ̀ náà mọ́ nígbà tí ó ní, “Ó ti dé orí rẹ̀.”

Télọ̀ na ọrùn wo ọ̀nà náà.

“Ó ti kọjá,” ni ọ̀rẹ́ wa wí, ó sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí irin.