Ìwé Ìdìbò Tuntun Káúńtì Harlow, àti Willa Dombrowski Tó Kú Sídìí Rẹ̀

Ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣẹ́ ìwé ìdìbò po ni Willa Dombrowski kú sí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, nínú ilé ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì ìdìbò Káúńtì Harlow wa yìí, ní New Jersey. Odalys Ferrer tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé ó kàn gbórí lé tábìlì bí ẹni tó fẹ́ rẹjú ni. Odalys ní, "Màmá, ẹ dìde o, ọ̀gá ń bọ̀." Màmá ò dìde. Láti ìgbà tí Willa ti ń sin káúńtì yìí, ọjọ́ yẹn nìkan ni ọ̀gá dé tí kò bá a lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀gá náà ni Garrett Loomis, akọ̀wé àgbà káúńtì. Ó kéde lọ́jọ́ kejì pé ikú obìnrin náà jẹ́ àdánù ńlá, àti pé kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, ètò ìdìbò abẹ́lé ò ní falẹ̀ rárá. Ẹ ṣeun, ọ̀gá. A ò tíì nu omijé nù, ẹ ti bá wa tán ìṣòro.

Ògiri kan ló wà láàárín ilé tèmi àti ti Willa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹni mímọ́ ni. Ó máa ń bú àwọn olóṣèlú inú tẹlifíṣọ̀n débi pé ajá mi á bá a gbó wọn. Ó máa ń yan èèyàn jẹ nídìí káàdì. Ṣùgbọ́n tí tòmátì rẹ̀ bá pọ́n nínú oṣù kẹjọ, á kó o kún àpò, á fi kọ́ ẹnu ọ̀nà mi, á wá pariwo látinú ọgbà: "Jẹ ẹ́, bóyá ẹnu á dùn ẹ́ tí wàá fi kọ ohun tó dáa sínú ìwé ìròyìn!"

Mo rántí ọdún kan tí bàbá arúgbó kan, Ansel Vroom, wá dìbò níbi tí Willa ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, kálámù ń gbọ̀n, èrò tó wà lẹ́yìn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Willa gbé àga, ó fi dí ọ̀nà, ó jókòó lé e. Ó ní, "Ẹni tó bá ń kánjú kó lọ ra kọfí. Ọ̀gbẹ́ni Vroom ń yan ìjọba lọ́wọ́." Kò sẹ́ni tó tún pòṣé. Nígbà tí bàbá jáde, ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀ fún un bí ẹni ń kí ọ̀gágun.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe lò ó kú.

Tẹ́lẹ̀, nínú ìwé ìdìbò, orí ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń to gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ òṣèlú bá fọwọ́ sí, bí àlejò pàtàkì lórí tábìlì gíga. Ẹni tí ẹgbẹ́ ò bá fẹ́, wọ́n á sọ orúkọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ibi tí ojú ò tó. Ilé ẹjọ́ ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n kó gbogbo àwọn tó ń du ipò kan náà sínú àpótí kan tí wọ́n fi ìlà yà sórí ìwé. Ìdájọ́ tó dára ni. Willa jó nínú ọgbà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi náà sì pàtẹ́wọ́. N kò bá ilé ẹjọ́ jà.

Àmọ́ kí ló le nínú kí a fa ìlà yí orúkọ ká? Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń ṣe é kí wọ́n tó sun oorun ọ̀sán. Ìgbìmọ̀ káúńtì wa gbé e fún ilé iṣẹ́ ayàwòrán kan láti ìlú ńlá, ní owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó dọ́là. Àwọn ayàwòrán dé tàwọn ti bàtà funfun. Wọ́n kó òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ní, "Àwọ̀ wo ló máa ń mú yín rántí òmìnira?"

Willa ní, "Àwọ̀ ilẹ̀kùn tá a máa ń gbà jáde lọ sílé."

Nígbà tí ìwé tuntun dé, ó fẹ̀ bí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rọ tó máa ń ṣẹ́ ìwé po fún àwọn tó ń dìbò láti ilé kò lè gbé e mì. Wọ́n bẹ Loomis kó ra ẹ̀rọ míì, ó ní owó ti tán, ṣebí ọwọ́ wà. Ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ Willa tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àti ti Odalys.

Wọ́n ṣẹ́ ẹ tán. Ni Brent Haverkamp tó ń du ipò aṣòfin bá já wọ ọ́fíìsì. "Orí orúkọ mi gan-an ni ojú ìṣẹ́po bọ́ sí! Wọ́n ti ṣẹ́ mi lọ́rùn!" Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n tẹ òmíràn. Àwọn obìnrin méjì yìí tún ṣẹ́ ẹ tán. Ẹgbẹ́ wá ní àwọ̀ búlúù rẹ̀ jọ ti ẹgbẹ́ alátakò jù. Wọ́n tún kó o dànù. Gbogbo àtúnṣe ni ayàwòrán gba owó lé lórí. Kí ni aṣẹ́wèépo gbà? Ó gba ìrora àyà.

Odalys wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ mẹ́ta kí Willa tó kú, nígbà tó lọ bá Loomis. "Ọ̀gá, àyà ń dùn mí. Dókítà ní kí n wá lọ́la kí wọ́n yẹ ọkàn mi wò."

"Willa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á díẹ̀. Tí ìdìbò bá ti parí, ẹ máa sinmi dáadáa."

"Ìdìbò wo? Ti ìwé tá à ń ṣẹ́ yìí, àbí tèyí tẹ́ ẹ tún máa yà lọ́la?"

Loomis rẹ́rìn-ín. Ó ní Willa ò lè ṣe kó má dápàárá. Ó sì bá tiẹ̀ lọ. Willa padà sídìí tábìlì, kò rí dókítà.

Ó ní Willa á sinmi dáadáa. Ọ̀gá yìí mà mọ àsọtẹ́lẹ̀ o!

Lucjan, ọkọ Willa, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wọ aṣọ tó fi sìnkú ìyàwó rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀ káúńtì. Àwọn ayàwòrán ti kọ́kọ́ fi àwòrán hàn wọ́n títí oorun fi ń kun èèyàn. Ó kan Lucjan, wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ló ní.

Ó ní, "Mi ò wá gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ní kí ìyàwó mi má lọ rí dókítà." Ó wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan títí àkókò fi tán. Agogo dún.

Alága ní, "Bàbá, àkókò yín ti pé."

Odalys dìde láti ẹ̀yìn: "Tàwọn ayàwòrán ò pé, tiwọn ò pé! Tẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló wá pé!"

Loomis bá sáré ṣí aṣọ kúrò lórí pátákó kan, ó ní káúńtì máa fi orúkọ Willa pe yàrá tó ti ṣiṣẹ́. Àwọn ayàwòrán wọ̀nyẹn ló ṣe pátákó náà, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà rẹ̀ dán, ó sì tóbi: WILMA DOMBROSKI.

Lucjan bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó bi wọ́n pé, "Ta nìyí?"

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ dá a lóhùn. Ẹ tú ìwé àdéhùn ẹ̀yin àtàwọn ayàwòrán síta ká rí i, kẹ́ ẹ sì sọ bí owó ẹ̀rọ ò ṣe sí nígbà tí owó àwọ̀ wà. Ẹ gba àwọn ọwọ́ míì síṣẹ́ kí Odalys tó tẹ̀ lé ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ òkú bó ṣe yẹ. Loomis, jáde wá sọ lójú Lucjan ohun tó o sọ fún ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Tó o bá sì kọ̀, kò burú. Nínú oṣù kọkànlá, ìwọ náà ń padà wá tọrọ ìbò fún ipò akọ̀wé àgbà rẹ. Orúkọ rẹ á wà nínú àpótí tiẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà, níbi tí ojú á ti tètè rí i. Owó wa la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. A ò ní ṣì ọ́ mọ̀.