Ògiri Tí Òjò Ń Fọ̀

Tí ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, bá fẹ́ kun ilé òrìṣà ìdílé wa ní Múṣín, èébú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri amọ̀ náà: "Ìwọ tí gbogbo ayé ń wárí fún, o ò lè kun ilé ara ẹ!" Ìgbà náà ni wọn á tó ki ìka bọ ẹfun, osùn àti èédú, wọn á ya ẹyẹ tó dà bí ẹni fẹ́ fò. Àwọn obìnrin ilé nìkan ló ń bá wọn kùn ún, lọ́dọọdún, torí òjò máa ń fọ gbogbo ẹ̀ dànù.

Lọ́dún kan, Màmá lọ kí ẹbí ní Òtò. Àánú wọn ṣe bàbá mi, káfíńtà tí kì í pa ìrun jẹ. Ó fi ọ̀dà òyìnbó kun ògiri náà látòkè délẹ̀, ó ń dán bíi mọ́tò tuntun.

Màmá dé, wọ́n wò ó títí.

"Ẹ sinmi, Màmá," ni bàbá mi wí. "Òjò ò lè fọ eléyìí."

"Kí ló máa wá kó àwọn obìnrin ilé yìí jọ lọ́dún tó ń bọ̀? Àbí o rò pé òrìṣà ni mò ń kùn ún fún? Òrìṣà lójú ni?" Màmá na ọkọ́ sí i. "Ha gbogbo ẹ̀ kúrò!"

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi ha ògiri. Àwọn obìnrin ilé jáde wá fi í ṣẹ̀sín. Ìyá mi àti ìyáálé wọn, tí wọn ò tíì kí ara wọn láti ọdún iléyá, jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.