Àwọn Mẹ́fà Tó Tún Ẹ̀rọ Kan Ṣe

Ẹyin sísè ni Ọ̀gá ń jẹ nígbà tí Ìyá Gáàsì wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ọkùnrin náà ń bó èèpo rẹ̀ sórí ìwé àwọn oníbàárà, òórùn ẹyin náà sì ti pò mọ́ ti ọ́ìlì dúdú àti ti ìbọ̀sẹ̀ tí kò tíì fojú kan omi láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọdún méje gbáko ló fi tún fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ṣe níbí, ibí náà ni wọ́n ti fún un lórúkọ ìnagijẹ rẹ̀, nítorí gáàsì tó máa ń rọ sínú wọn. Nígbà náà, òun ló máa ń to àwọn sípánà sára ògiri, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù. Ní báyìí, wọ́n fọ́n káàkiri abẹ́ tábìlì bí egungun tí ajá jẹ kù.

"Wọ́n ti dá ìwé mi padà, Ọ̀gá."

"Ìwé wo?"

"Ti òkè òkun."

Ilé iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n kí ó tó lè rí físà oníṣẹ́ gbà, àwọn kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ ẹ̀kọ́ àti ìrírí rẹ̀ wò, bóyá ó tó ẹni tí wọ́n lè pè ní ọ̀jáfáfá lọ́dọ̀ tiwọn. Ìwé-ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò mú wàhálà lọ́wọ́. Ìrírí ló há. Ọ̀gá ló yẹ kó jẹ́rìí sí i, àmọ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ní, "Lọ kọ ọ́ fúnra rẹ, n ó buwọ́ lù ú." Ìyá Gáàsì kọ ọ́ lóòótọ́, kò fi irọ́ kankan kún un. Ó kọ nípa ọjọ́ tí yàrá òtútù tí ilé ìwòsàn fi ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára dẹnu kọlẹ̀, tí òun nìkan há ara òun sẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀, tí òun sì tún un ṣe kí abẹ́rẹ́ tó bàjẹ́.

"Wọ́n ní èèyàn mẹ́fà ló fi ohun kan náà ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ yín," ni ó wí. "Oníkálukú wa ló sọ pé òun nìkan lòun tún ẹ̀rọ kan náà ṣe, lọ́jọ́ kan náà."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín, èérún ẹyin sì fò jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ìwé rẹ yẹn ló dùn jù. Ta ni yóò tún jókòó máa kọ òmíràn? Orúkọ nìkan la yí."

"Àwọn wo nìyẹn, Ọ̀gá?"

"Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ni. Àti àbúrò ìyàwó mi."

"Èyí tó ń gẹrun?"

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀rọ ló fi ń gẹ̀ ẹ́ ni?"

Ìyá Gáàsì wo ìka ara rẹ̀. Ọjọ́ tí awọ ìka rẹ̀ bó, tí òógùn wọ ojú rẹ̀ tí kò rọ́wọ́ nù ún, ti di ẹ̀wù tí gbogbo ayé ń yá wọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì fọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn, kí ẹ sọ bó ṣe rí gan-an."

"Kí ìyàwó mi lè lé mi síta? Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Sọ fún wọn pé ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ jọ ṣe é. Èmi náà á gbè ọ́ lẹ́sẹ̀. Gbogbo yín á wọlé." Ó na ọwọ́ sí i kí àwọn méjèèjì bọwọ́. Ẹyin ti gbẹ mọ́ gbogbo ìka rẹ̀.

Ìyá Gáàsì wo ọwọ́ náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbà, ọ̀nà lè là kíákíá.

"Ẹ máa jẹ ẹyin yín lọ, sà," ni ó wí, ó sì jáde.

Ilé ìwòsàn ló gbà lọ tààrà, sọ́dọ̀ ìyá àgbàlagbà tó ń bójú tó yàrá òtútù, ẹni tí kì í bọ́ súwẹ́tà nínú oòrùn, ó sì ròyìn ọ̀rọ̀ ìwé náà fún un.

"Èèyàn mélòó ló tún un ṣe?" ni ìyá náà bi í.

"Wọ́n ní mẹ́fà, mà."

"Nínú ihò yẹn?" Ó ṣí ilẹ̀kùn tóóró tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. "Ìwọ gan-an, ẹ̀gbẹ́ lo fi wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, èmi ni mo fà ọ́ lẹ́sẹ̀ jáde! Ọ̀gá rẹ oníkùn yẹn ńkọ́? Ṣé orí rẹ̀ lásán gba ibẹ̀?"

Ó fa Ìyá Gáàsì lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn. Wọ́n jẹ́rìí sí gbogbo iṣẹ́ tó ṣe fún wọn láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fi fọ́tò ihò náà kún un, tí wọ́n na tẹ́ẹ̀pù ìwọ̀n sí ẹnu rẹ̀ láti fi hàn bó ṣe tóóró tó.

Èsì dé. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò gba ọdún mẹ́ta tí ilé ìwòsàn jẹ́rìí sí. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá buwọ́ lù ni wọ́n fagi lé. Ilé iṣẹ́ òkè òkun náà ní kó ṣì máa bọ̀, ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ni yóò jẹ́, yóò máa gbé àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé ẹlòmíràn. Ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ó ń di àwọn sípánà rẹ̀, èyí tó kéré jù lápá òsì, nígbà tí fóònù dún.

"Ọmọ mi! Mo gbọ́ pé ó ti bọ́ sí i. Ṣé mi ò wí fún ọ? Tó o bá débẹ̀, bá mi wá nǹkan fún àbúrò ìyàwó mi o. Ó ti ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ báyìí."

"Ọ̀dọ̀ ta ni, Ọ̀gá?"

"Ìwé tó o kọ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń kà á."

Ìyá Gáàsì gbé fóònù náà dojú dé orí bẹ́ẹ̀dì, ohùn Ọ̀gá ṣì ń jáde níbẹ̀. Ó lọ sídìí omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó gbọn omi rẹ̀ nù, ó sì tún un fọ̀.